Ilé Àyágbé ní Ìgbèríko Skọ́tlándì: Ta Ni Yóò Sinmi?

Lóṣù yìí, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ní Ìlú Ọba ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ máa ń lọ bá wọn lo àkókò ìsinmi.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, àwọn ìdílé mìíràn a kó tọmọtọmọ lọ sí ìgbèríko Skọ́tlándì, wọn a sì yá odindi ilé kan gbé fún ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Kò sí agbáwo, kò sí alásè. Kọ́kọ́rọ́ ni wọn yóò fún yín. Ẹ ó bá ìkòkò, àwo, sítóòfù àti ibùsùn nínú ilé, ẹ ó sì máa dáná fúnra yín. Òmíràn nínú àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́ ilé darandaran tàbí ti alágbàro látijọ́. Òmíràn jẹ́ ilé àwọn tí ń ṣọ́ iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi, nítorí láti ọdún 1998 ni gbogbo iná wọ̀nyẹn ti ń ṣiṣẹ́ láìsí olùṣọ́ tí ń gbé ìdí wọn. Kódà, ní Dunmore, nítòsí ìlú Airth, ilé kan wà tí a kọ ọdún 1761 sí ara ògiri rẹ̀, tí a fi òkúta gbẹ́ orí rẹ̀ bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó gẹ́lẹ́. Wọ́n ń yá ìyẹn náà gbé.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Owó odindi ilé ni à ń san, kì í ṣe owó orí kọ̀ọ̀kan. Ìdílé méjì lè dá a jọ. Àwọn ọmọ yóò rí pápá sáré, ẹ ó sì jẹ oúnjẹ tí ó bá yín lára mu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń bẹ tí ó yẹ kí ẹ dáhùn kí ẹ tó sanwó: nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sinmi, ta ni yóò sinmi ní tòótọ́?

Bí ìyá bá kúrò nídìí sítóòfù ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ó rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ó sì lọ bá sítóòfù mìíràn ní òkè Skọ́tlándì, tí bàbá àti ọmọ ń wo adágún omi láti ojú fèrèsé, tí òun sì ń fọ àwo, ìyá yẹn kò lọ fún ìsinmi. Ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ẹ tó gbéra, ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ pín iṣẹ́: ta ni yóò se oúnjẹ àárọ̀, ta ni yóò fọ àwo, ta ni yóò kó eérú inú ààrò. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀. Ọkọ tí ó lè wa mọ́tò láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé Skọ́tlándì lè dín ẹyin. Bí ìyá àgbà bá bá yín lọ, àlejò ni ó jẹ́. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ọgbọ́n kejì ni pé kí ẹ ti ilé se díẹ̀ lọ. Ẹ dín ọbẹ̀ ata nílé, ẹ bù ú sínú ike, kí ó dì gbagidi nínú fíríìsà, kí ẹ sì gbé e sínú kúlà. Èyí yóò gba ìyá lọ́wọ́ iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ di gààrì, èlùbọ́, epo pupa, ẹ̀gúsí àti edé lọ, nítorí ẹ kò ní bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù abúlé. Bí ẹ bá gba Glasgow kọjá, ẹ lè rà wọ́n ní ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé láti oṣù kejì ọdún 2022, òfin Skọ́tlándì ti là á sílẹ̀ pé kí aago tí ń kéde èéfín wà ní yàrá ìgbàlejò àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbo ilé, kí èyí tí ń kéde ooru wà ní ilé ìdáná, kí gbogbo wọn sì so pọ̀. Bí ọ̀kan bá dún, gbogbo wọn ni yóò dún. Bí ẹ bá fẹ́ dín ata, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má ṣe fi aṣọ bo aago náà láé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹran sísun, ìta ni kí ẹ ti sun ún, kí ẹ sì fi ìkòkò èédú náà sílẹ̀ síta, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, bí ẹ tilẹ̀ rò pé iná rẹ̀ ti kú. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kò sì ṣeé fojú rí; ó lè pa gbogbo ará ilé sójú oorun.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ó di dandan kí gbogbo ilé àyágbé ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní Skọ́tlándì ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà àṣẹ náà nínú ìpolówó ilé kí ẹ tó sanwó. Ìwé àṣẹ náà ni ó ń sọ iye ènìyàn tí ó lè sùn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀nà ẹ̀yìn kó ẹbí wọlé. Ẹ béèrè bóyá aṣọ ibùsùn àti táwẹ̀lì wà níbẹ̀, bóyá igi ìdáná wà nínú owó ilé, àti iye máìlì tí ó wà dé ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti àkókò, àwọn ilé-ìwé Skọ́tlándì máa ń wọlé padà ní ìdajì oṣù kẹjọ, nígbà tí ti England ṣì wà ní ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti England lọ lè fi ìparí oṣù náà ṣe tiyín. Èrò kì í pọ̀ tó ti oṣù keje. Kòkòrò tíntìntín tí wọ́n ń pè ní midges a sì ti máa dínkù. Kì í fa ibà bí ẹ̀fọn tiwa, ṣùgbọ́n ó ń jẹni púpọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sí afẹ́fẹ́. Èyí tí ó léwu jù ni eégbọn inú koríko. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì yẹ ara wọn wò lálaalẹ́. Bí ara bá wú tí àmì kan sì ń fẹ̀ sí i níbi tí ó ti jẹ ọmọ, ẹ tètè gbé e lọ rí dókítà. Lára aláwọ̀ dúdú, àmì náà lè má pupa kedere.

Adágún omi wọn dára ní wíwò, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ lè gba èémí lójijì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Kí ọmọ má ṣe dá nìkan dé etí rẹ̀. Lójú ọ̀nà tóóró, ibi tí ó fẹ̀ díẹ̀ wà fún kí ọkọ̀ lè ya ara wọn. Kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Òfin ọdún 2003 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri pápá wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí géètì tí ó sì bá a ní títì gbọ́dọ̀ tì í padà, kí àgùntàn onílé má baà sọnù.

Bí ọ̀sẹ̀ bá pé, kí gbogbo ọwọ́ pa pọ̀ láti gbá ilé náà mọ́ bí ẹ ti bá a. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ìyá ilé. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì ń béèrè ìgbà tí ẹ ó tún padà, owó yín kò ṣòfò. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.