Ṣé Ilé Ẹ̀kọ́ Tí A Lọ Náà Nìyí?

Nígbàkígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá péjọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa: "Èyí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tí a lọ mọ́." Àwọn tó jáde kí ìjọba tó gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970 ló sábà máa ń sọ ọ́. Wọn a ní ilé ti yàtọ̀, olùkọ́ ti yàtọ̀, ìwà ọmọ pàápàá ti yàtọ̀. Ẹlòmíràn a sì fi ọ̀rọ̀ náà di ẹnu àpò rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí í tún ilé onílé ṣe. Ní àjọ̀dún yìí, ó yẹ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa.

Ìbéèrè àtayébáyé ni. Plutarch, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, sọ pé àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ ojú omi Theseus, akọni wọn. Bí pákó kan bá ti jẹrà, wọn a yọ ọ́, wọn a fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àwọn amòye wá pín sí méjì: àwọn kan ní ọkọ̀ náà ṣì ni, àwọn kan ní òmíràn ni. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún dá kún ọ̀rọ̀ náà: bí ẹnì kan bá kó àwọn ògbólógbòó pákó wọ̀nyẹn jọ, tí ó sì fi kan ọkọ̀ mìíràn, èwo nínú méjèèjì ni ọkọ̀ Theseus?

Ẹ jẹ́ kí á wo ara tiwa. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní oṣù Keje, tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó gbé lọ ní oṣù Kẹsàn-án kọ́ ló gbé bọ̀. Omi tó ń gba Abẹ́òkúta kọjá lónìí kì í ṣe ti àná, bẹ́ẹ̀ odò Ògùn náà ni.

Kí ló wá ń mú kí nǹkan jẹ́ ara rẹ̀? Kì í ṣe èròjà tí a fi ṣe é. Àwọn onímọ̀ físíìsì kọ́ wa pé electron kan kò ní ilà lójú tí a fi lè yà á sọ́tọ̀ lára òmíràn. John Locke, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa igi oak, ní ìwàláàyè kan náà tó ń ṣètò ẹ̀yà ara igi náà láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀gbìn ló mú kí ó jẹ́ igi kan ṣoṣo. Ètò náà ni, bí kò bá ti já.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Òfin ìṣẹ̀dá kò nílò olùtọ́jú láàárín wa. Máńgòrò tó pọ́n yóò já bọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Òfin ilé ẹ̀kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ sísọ, àdúrà òwúrọ̀, àti kíkọ̀ láti jí ìwé wò nínú ìdánwò: bí ìran kan kò bá fi lé ìran kejì lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ó parí sí. Nítorí náà, àwa fúnra wa ni a ó fi ìṣe dáhùn bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì ni.

Ohun méjì ló tẹ̀ lé èyí. Èkíní, àwọn tó kàwé níbí lábẹ́ ìjọba, kí wọ́n tó dá ilé ẹ̀kọ́ padà fún ìjọ, kì í ṣe ọmọ àlè. Pákó tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ rì ni wọ́n. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, okùn já, àwọn àgbà pàápàá kò sì ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kan àwọn ọmọ òde òní. Kí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé wa láìṣe ojúsàájú.

Èkejì, àwa tí a tọ́jú báàjì àtijọ́ àti fọ́tò sínú àpótí, ògbólógbòó pákó ni a kó jọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà lójú omi ni èyí tí àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Ní ti ẹ̀yin òbí, bí a bá ń ra èsì ìdánwò fún ọmọ, bí gbogbo òkúta ìpìlẹ̀ tilẹ̀ wà ní ààyè wọn, ilé ẹ̀kọ́ náà ti lọ.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n odò tí kò ṣàn mọ́, ọ̀gọ̀dọ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí á wá, kí á tọ́jú ohun tí a fi lé wa lọ́wọ́, kí Ọlọ́run sì ràn wá lọ́wọ́.