Ọ̀dà Kì í Wo Ẹ́ńjìnnì Sàn

Ẹni tó fọ́n ọ̀dà sára ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó ń jo epo kò tún un ṣe. Egbò ló bò mọ́lẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ń ta ọ̀kadà àlòkù ti sọ èyí di iṣẹ́: wọn a nu ìdọ̀tí, wọn a fọ́n ọ̀dà sí i, wọn a sì pe arúgbó ẹ̀rọ ní ọmọge.

Wọ́n ní ẹwà lásán ni. Irọ́ ni! Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí àwọn irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀ ló ń tu ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà lára. Bí ọ̀dà bá nípọn níbẹ̀, ooru kò ní ráyè jáde dáadáa. Ọ̀dà ilẹ̀kùn kò sì lè fara da ooru ẹ́ńjìnnì. Bíbó ni yóò máa bó.

Kíkùn fúnra rẹ̀ kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ kùn ún nílé, kó kọ́kọ́ dí ibi tó ń jo, kó fọ gíríìsì kúrò, kó sì fọ́n ọ̀dà tó ń gba ooru sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n owó àjọ ni ọlọ́kadà mìíràn fi ń ra ẹ̀rọ tí yóò fi bọ́ ọmọ. Ẹni tó fi ọ̀dà tàn án jẹ, olè ni.