Àtijọ́ pàápàá ní àwọ̀

A ń rí fótò ọjà Adjarra àti etí odò wa tí wọ́n fi tẹlifóònù sọ di dúdú àti funfun, kí ó lè jọ ti àtijọ́. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa àti ewé ọ̀pẹ lè di àwọ̀ eérú kan náà. Àtijọ́ pàápàá ní àwọ̀: lọ́dún 1930, Frédéric Gadmer ya ilẹ̀ Dahomey wa ní aláwọ̀ fún Albert Kahn, àwọn fótò náà wà nítòsí Paris dòní. Àwa olùkọ́ ń rọ̀ yín: ẹ tọ́jú ti àkọ́kọ́, ẹ sì kọ ọdún sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ wa á máa pe ọjà àná ní ọjà ayé baba ńlá wọn.