Ẹnu Ìyá Tó Sè É Ni Kí Àlejò Ti Gbọ́ Ọ

 Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ iyì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìrìn kan wà tó ti gbòde káyé báyìí. Afinimọ̀nà á kó àlejò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jọ, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti ìsọ̀ olóúnjẹ kan dé òmíràn, wọ́n á tọ́ èyí wò, wọ́n á mu tọ̀hún, òun á sì máa ṣàlàyé fún wọn. Àlejò ti sanwó ìrìn náà kó tó kúrò nílé. Wọ́n ń ṣe é ní Paris, wọ́n ń ṣe é ní Èkó. Ọ̀nà ńlá tó ti Kùtọnú lọ sí Parakou gba Tchaourou kọjá, nítorí náà kò sí ohun tó ní kó má dé ọ̀dọ̀ wa. A ò sọ pé kó má dé. Ohun tí a ń sọ ni pé a ò fẹ́ èyí tí afinimọ̀nà á gba owó, tí ìyá olóúnjẹ á gba ẹ̀rín.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á dé ìdí ìkòkò láìkí ẹni tó ni ín. Fóònù á ti yọ. Ẹni tó ń gúnyán ò mọ̀ pé àwòrán òun ti wọ Facebook. Wọ́n á ra abọ́ kan fún èèyàn mẹ́rin pé kí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n á san owó abọ́ kan yẹn, afinimọ̀nà á wá máa fi Faransé sọ ìtàn tí kò bi ẹnikẹ́ni. Ìyá náà dúró síbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn?

Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni ìmọ̀ wà. Ẹ wo iyán: obìnrin méjì tàbí mẹ́ta á dúró ti odó kan ṣoṣo, ọmọ odó á máa lọ léraléra, kò ní kan ara wọn. Ẹ wo wàrà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní wagasi. Àwọn ìyá Fúlàní ló ni iṣẹ́ yẹn. Omi ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú kí omi ọmú màlúù dì, ara ọkà bàbà ni wọ́n sì ti ń rí aró tó ń mú kó pupa. Ẹ wo tchakpalo: wọ́n á rẹ ọkà bàbà sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá dúró dè é kó kan. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Èwo nínú èyí ni ẹni tó ti ìlú mìíràn wá lè sọ ju ẹni tó ń ṣe é lọ?

Ẹ jẹ́ ká fi kajú wé e, nítorí kò sí ilé kan lágbègbè wa tí kò mọ ọ̀rọ̀ kajú. Ó pẹ́ tí kajú wa ti ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà àti Vietnam pẹ̀lú èèpo lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, ibẹ̀ sì ni èrè ńlá ń wọlé sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ní kí kajú tí a kò tíì pa má jáde mọ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ àti èrè rẹ̀ lè wà nílé. Bóyá ẹ fara mọ́ òfin náà tàbí ẹ ò fara mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ yé yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtàn oúnjẹ wa. Ó ń jáde pẹ̀lú èèpo lára, ẹlòmíràn ló ń pa á, òun náà ló ń tà á.

Àwọn kan á ní a kì í gbowó lọ́wọ́ àlejò. Òótọ́ ni, ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè. Ẹni tó bá yà sílé wa tí ebi ń pa á, a ó fún un lóúnjẹ, a ò sì ní bèèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sanwó fún ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, oníbàárà ni. Inúure wa ni wọ́n tà fún un.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ìyá wa ò gbọ́ Faransé. Àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Ọmọ Tchaourou tó jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń fi zémìjàn wá oúnjẹ òòjọ́, lè gbọ́ Yorùbá, kó gbọ́ Bàrùbá, kó sì gbọ́ Faransé. Kí ìyá sọ ọ́, kí ọmọ túmọ̀ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì gbowó. Ní ti afinimọ̀nà tó mú àlejò wá, a ò ní kó má jẹ. A ní kó má dá jẹ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà ńlẹ̀. Senegal mú ceebu jën dé UNESCO, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2021. Côte d'Ivoire ṣe bẹ́ẹ̀ fún attiéké lọ́dún 2024. Nílé wa níbí, ọ̀pẹ̀ òyìnbó Allada ti gba òǹtẹ̀ tó so ó mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 2021. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní UNESCO lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀. Ààlà ò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará wa láti Nàìjíríà, nígbà tí ẹ bá kó ọ̀rẹ́ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe gbogbo wa ní ará Kùtọnú. Kùtọnú jìnnà sí Tchaourou ju 300 kìlómítà lọ. Ẹ bi wá ní orúkọ ohun tí ẹ ń jẹ.

Ohun tí a ń béèrè ò pọ̀. Kí wọ́n kí ìyá olóúnjẹ, kí wọ́n sì gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán. Kí wọ́n bá a dá iye tí yóò gbà lórí àlejò kọ̀ọ̀kan ṣáájú ọjọ́ ìrìn, yàtọ̀ sí owó oúnjẹ. Kí ó jẹ́ pé òun ni yóò ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí àwọn obìnrin ọjà, Yorùbá, Bàrùbá àti Fúlàní, jókòó pẹ̀lú àwọn ará mérì, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye kan tí ẹnikẹ́ni ò ní já wálẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹ bá wa ka èyí sétí àwọn ìyá wa tí kò sí lórí Facebook. Bí afinimọ̀nà bá kó èrò dé ìdí ìkòkò yín lọ́la, ẹ bi í léèrè: èló ni àwọn wọ̀nyí san, èló ni tiwa níbẹ̀? Bí kò bá lè dáhùn, kó máa kó wọn lọ.