Fáàfù Olówó Pọ́ọ́kú: Ó Tó Kí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Dé Abà Wa

Ẹni tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀ ní abà kan lẹ́yìn Atakpamé mọ̀ pé ìnáwó ń bẹ nídìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ó lè di Lomé, nǹkan bíi 160 kìlómítà. Owó ọkọ̀, ọjọ́ ọjà tó kọjá, aláìsàn ti san gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ̀rọ kan wà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú ọ̀nà tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ bá oògùn àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò ibà tí ẹ mọ̀ jọ ọ́, bébà inú rẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn ń dáhùn. Àyẹ̀wò onípele púpọ̀ nílò fáàfù tí yóò máa ṣí, tí yóò sì máa tì lásìkò. Ní yàrá àyẹ̀wò ńlá, iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà àti afẹ́fẹ́ inú àgbá ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn lọ sí abà?

Ní 2014, Manu Prakash àti George Korir ní Yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, wo àpótí orin ọmọdé, wọ́n sì rí ọgbọ́n. Èèyàn ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ wọn. Ihò tí wọ́n lu sára bébà ló ń sọ ìgbà tí fáàfù yóò ṣí àti ìgbà tí yóò tì. Kò lo iná. Nǹkan bíi dọ́là 5 ni wọ́n dá lé e.

Ṣé ó kọjá agbára wa ni? Rárá o. Ní 2013, Afate Gnikou, ní WoeLab ní Lomé, fi àlòkù kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan oníke jáde. Ọmọ Tógò ni.

Nítorí náà, à ń ké sí ìjọba, ilé ìwòsàn ńlá Atakpamé àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà níbí: ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ jókòó. Ẹ dán ẹ̀rọ náà wò dáadáa nínú ooru àti eruku wa, ẹ fi èsì rẹ̀ wé ti yàrá àyẹ̀wò, kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú tó ń purọ́ wọ́n ju èyí tó wọ́n lọ.

Ẹ má jẹ́ ká dúró de ẹ̀bùn láti òkè òkun. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.