Oorun Là Ń Fẹ́, Kì í Ṣe Tramadol



Àwọn kan yóò ní kí a má sọ ọ̀rọ̀ yìí, pé à ń tú àṣírí ara wa. Àṣírí wo ló tún kù? Ẹni tó bá tètè dé garéèjì láàárọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tramadol àti igbó, ó sì mọ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ òru rí mọ ohun tí àwọn kan ń jù sẹ́nu kí wọ́n tó dúró ti ẹ̀rọ.

Àwọn ọ̀gá ní ìwàkiwà àwọn ọmọ ìsìnyí ló fà á. A kò gbà. Ẹ bi àwọn tó ń lò ó léèrè. Awakọ̀ yóò sọ fún yín nípa owó tí olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà lálẹ́, bóyá èrò wà tàbí kò sí. Alábàárù yóò fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru wákàtí méjìlá, tí wọ́n tún ní kó dúró di ọ̀sán nítorí pé ẹni tó yẹ kó gbà á kò wá, kí ni yóò fi la ojú sílẹ̀?

Oògùn ìrora ni tramadol. Kì í fi agbára kún agbára. Ńṣe ló ń pa ara lẹ́nu mọ́, kí ara má lè sọ pé ó ti rẹ òun. NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó ju 100 mílígíráàmù lọ, ṣùgbọ́n oní-225 ni àwọn onífàyàwọ́ ń kó wọlé. Ìyẹn lè mú kí gìrì gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀. Bí a bá tún fi ọtí lé e, èémí lè dá. Bí ẹni tó ti mọ́ lára bá sì fẹ́ fi í sílẹ̀, ara á máa ro ó, òógùn á bò ó, kò ní rí oorun sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí ó lè ṣiṣẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn, ó ń ṣiṣẹ́ kí ó lè rà á.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, tó jáde nípa ọdún 2018, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní Èkó, ó tó ẹnìkan nínú mẹ́ta. Àwọn ẹni ọdún 25 sí 39 ló sì pọ̀ jù. Ẹ wo àyíká yín: àwọn wo ló wà nídìí ẹ̀rọ àti nídìí ọkọ̀ bí kò ṣe àwọn ọlọ́jọ́ orí yìí?

Ìjọba ti fi ìbọn wá a rí. Ní 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ òfin ológun ti 1984, òfin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti mú wọn. Ní 1989 wọ́n dá NDLEA sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2018, wọ́n fòfin de oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2022, tọ́ọ̀nù kokéènì 1.8 ni NDLEA bá nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Ìkòròdú. Ǹjẹ́ kọndọ́ àti alábàárù ló ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Bí ọlọ́pàá bá sì ya wọ garéèjì, àwọn wo ni wọ́n máa ń kó? A yin NDLEA fún ti Ìkòròdú o. Irú ibẹ̀ ni kí wọ́n máa wá lọ.

Ní báyìí, a gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ máa yẹ ìtọ̀ òṣìṣẹ́ wò. Ẹni tó ń wa èrò méjìdínlógún kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ pẹ̀lú tramadol lójú, àwa náà kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. (Kí wọ́n yẹ ti máníjà náà wò.) Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ènìyàn ń lò ó, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ìwé ìdádúró. Àrò ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú irú wọn, Yábàá náà ń tọ́jú wọn. Kí ilé-iṣẹ́ san owó rẹ̀, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró dè é.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974 sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, ó sì gbọ́dọ̀ ní odidi ọjọ́ kan láti sinmi nínú ọjọ́ méje. Ilé-iṣẹ́ mélòó ló ń pa á mọ́? Ẹni tó bá jí oorun òṣìṣẹ́ kò lẹ́nu láti wá máa wàásù fún un nípa oògùn olóró.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa náà. Olóyè garéèjì tó bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan yìí, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tà. Ẹ̀ka wa yóò yọ ọ́ nípò, ẹni yòówù kó jẹ́.

A ti kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá lórí iṣẹ́ òru, ìsinmi àti owó ìtọ́jú. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀, a ó ka èsì wọn sétí yín. Kí gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òru wá, kí olúkúlùkù sì kọ iye wákàtí tó ń ṣe gan-an láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, kí ó mú un lọ́wọ́ wá.