Kíkun Róbọ́ọ̀tì Ìṣeré Ní Ọ̀dà Mìíràn

Àwọn kan ń wí pé ìbàjẹ́ ni kí ènìyàn mú róbọ́ọ̀tì ìṣeré tí ó ń yí padà di ọkọ̀, kí ó tú u, kí ó sì kùn ún ní ọ̀dà mìíràn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1984, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Hasbro ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta Transformers, Starscream, Thundercracker àti Skywarp wà lára wọn. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n, ara kan náà ni wọ́n sì ní. Aláwọ̀ eérú ni èkíní, aláwọ̀ aró ni èkejì, dúdú ni ẹ̀kẹta. Àwọ̀ ni ó sọ wọ́n di mẹ́ta. Ǹjẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe kò ha tọ́ sí ẹni tí ó fi owó rẹ̀ rà á bí?

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe ti oníwàdùwàdù. A ó fi ọṣẹ fọ ike náà kí ọ̀dà lè mú un, a ó sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léraléra. Oríkèé ni ó ṣòro jù. Bí ọ̀dà bá nípọn níbẹ̀, apá kò ní ká mọ́. Mo ti ba ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí: ó dúró ní ààbọ̀ ọkọ̀, ààbọ̀ ènìyàn!

Ohun tí mo kórìíra ni kí a kun èyí tí ó wọ́pọ̀ kí ó lè jọ èyí tí ó ṣọ̀wọ́n, kí a sì tà á láìsọ fún ẹni tí ń rà á. Ìyẹn kì í ṣe eré mọ́, jìbìtì ni. Ẹni tí yóò bá tà á, kí ó kọ ọ́ sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé òun ni ó kùn ún.